Òṣó ni màá ló: kí ni "màá" ń wá nínú òṣómàáló?

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Iléṣà níbí ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ pé will máa ń di would, tí can ń di could, bí a bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ, wọ́n á ní kí ló dé tí Yorùbá kì í yí tirẹ̀ padà. Olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ wa ní èdè wa ni kò mọ àná yàtọ̀ sí ọ̀la. Ọmọ kan tún bi mí bóyá òótọ́ ni pé ahun ni òṣómàáló, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, túmọ̀ sí. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ọmọ mi, jẹ́ kí n ti ibi ahun bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí. Èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ tí mo ń mu kò lọ mọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ahun wo ló ń ta ọjà láwìn? Ẹni tó gbé odidi aṣọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, nílùú tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ wá ń pe ìyẹn ní ahun!

Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, ní 1907. Bí ọjà òyìnbó ṣe ń pọ̀ sí i, tí títì ń là, ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń di aṣọ lẹ́rù, tí wọ́n ń kiri ìlú àti abúlé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń sọ òní dọ̀la, ará Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní gbangba, á ní: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Ìtìjú ni onígbèsè ń sá fún tó fi ń wá owó. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Wàyí o, wo orúkọ yẹn dáadáa. Ta ló ń sọ ọ́? Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni. Síbẹ̀, "màá" ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn "mo máa". Ẹnu ẹni tó lóṣòó ni wọ́n gbé odidi, pẹ̀lú "mo" tirẹ̀ àti "máa" tirẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é títí dòní. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà kejì, wọn ì bá ní "ó ní òṣó ni òun máa ló." Ẹ rí i? "Mo" ti di "òun". "Máa" kò mira.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò sì yí i padà: Yorùbá ka ìlérí àti ìhàlẹ̀ sí ẹrù ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó ń ròyìn kò láṣẹ láti bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. "Máa", "á", "yóò", "lè", "gbọdọ̀", bí ó ti ti ẹnu oní-nǹkan jáde ni kó ṣe dé etí mi. (Gbọdọ̀ ní ìtàn tirẹ̀, torí bí àgbà bá ní "ta ló gbọdọ̀?", ẹni tó láyà ni wọ́n ń bèèrè. Ó dìgbà mìíràn.) Ohun tí a máa ń tọ́jú gidigidi ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀, iṣẹ́ "òun" sì nìyẹn.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Wọ́n sọ ọ́ létí mi pé nígbà kan, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin kan láti ìdájí. Ọkùnrin náà kò yọjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rán jáde. Ọ̀rẹ́ ní, "Ó ní ó máa san án lọ́jọ́ ọjà." Bàbá wò ó sókè sódò. "Ta ni ó? Ta ló máa san án?" Ọ̀rẹ́ padà wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. "Ó ní òun máa san án." Bàbá ní ẹ ṣeun. Wọ́n dìde, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tún lóṣòó padà, wọ́n ní etí àwọn ti gbọ́, ọwọ́ àwọn ni kò tíì gbọ́.

Ṣé o rí ohun tí bàbá tí kò wọ ilé ìwé rí? "Ó ní ó máa san án": ẹlòmíràn ni, àbúrò ni o, àna ni o. "Ó ní òun máa san án": ọkùnrin tó wà nínú yàrá yẹn gan-an ni. Gbé méjèèjì lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, he said he would pay ni méjèèjì ń jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà lóòótọ́, ó sì gbàgbé láti sọ ẹni tó ń jẹ gbèsè fún wa.

Ti àkókò tí olùkọ́ yẹn ń wí, kó lọ jókòó. Ta ni kò mọ̀ pé bí mo bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá, "lọ́la" inú rẹ̀ yóò di "lọ́jọ́ kejì"? Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ń gbé gẹ̀gẹ̀ pàápàá, kò kọ́ ọ délé. Will di would, can di could, may di might, shall di should tàbí would. Must lè dúró, ó sì lè di had to. Would, could, might, should àti ought to kò ń lọ síbì kankan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣì wà lójú ọ̀nà, he said he will pay kì í ṣe àṣìṣe. Má fi pàṣán lé ọmọ tó bá kọ ọ́.

Ti inú ọkàn ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì á ní I thought he would pay, o ò ní mọ̀ bóyá ó san án àfi bó o bá gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ ọ́. Yorùbá ní "mo rò pé ó máa san án", ìyẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Bó bá ti já mi kulẹ̀, màá ní "mo ṣebí ó máa san án." "Ṣebí" ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. "Máa" ṣì jókòó sáyè rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ju "òun" nù. Ọmọ ọmọ mi dé láti ọjà Atákúnmọ́sà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Màmá, ìyá aláta ní wọ́n ń bọ̀ wá gbowó." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí agbowó-orí! Ìyá aláta fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀" ni ọmọ gidi ń wí, torí fún àgbàlagbà, "àwọn" ló ń ṣiṣẹ́ "òun".

Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kọ gbólóhùn méjèèjì sójú pátákó: "Ó ní ó máa san án", "Ó ní òun máa san án". Ní kí wọ́n túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, kí àwọn méjèèjì má sì jọra. Kí o pe olùkọ́ yẹn náà wọlé, kó bá wọn ṣe é.