Wákàtí Iṣẹ́ Ìtúmọ̀ Nínú Excel

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, iṣẹ́ ìtúmọ̀ èdè ni mò ń ṣe, mo sì ń kọ àkókò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú Excel. Kí ló dé tí àpapọ̀ wákàtí 30 fi ń hàn bíi 6:00?

Ìdáhùn: Excel ka odidi ọjọ́ kan sí 1, nítorí náà, bí àpapọ̀ bá ti kọjá wákàtí 24, ìyókù nìkan ni yóò fi hàn, àyàfi bí ẹ bá yí ìrísí àpótí náà sí [h]:mm. Kí ẹ tó sọ ọ́ di owó, ẹ kọ́kọ́ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi owó wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ óò béèrè lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì dájú pé yóò ta yín lólobó. Fún iṣẹ́ tó bá wọ ọjọ́ kejì lóru, ẹ lo =MOD(B2-A2,1), kí ìbẹ̀rẹ̀ wà ní A2, kí ìparí sì wà ní B2.