Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Aago Ọwọ́ Tó Yẹ Agbádá

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni mí, Alékúwodò ni mo sì ń gbé ní ìlú Òṣogbo. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń lọ sí ilé ọkọ lẹ́yìn ọdún Iléyá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti dáwó jọ pé kí n fi ra aago ọwọ́ kan tí yóò bu iyì kún agbádá mi lọ́jọ́ náà, tí n óò sì máa fi lọ Jímọ̀ àti òde lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí mo dé Ọjà Ọba, mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú mi. Èkíní tóbi, ó ń dán yinrin bíi wúrà, ojú kéékèèké mẹ́ta sì wà nínú ojú ńlá rẹ̀. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ funfun, okùn aláwọ dúdú ni ó ní, wọ́n sì kọ "Quartz" àti "Japan Movt" sí i lójú. Ẹ̀kẹta jẹ́ tókunbọ̀ tí kì í lo bátìrì, ẹni tí ó ń tà á sì ní òun gan-an ni aago àgbà, pé ti ọmọdé ni aago oníbátìrì. Owó ọwọ́ mi ká èyíkéyìí nínú wọn. Èwo ni kí n mú? Wọ́n tún kọ "30 m" sí ẹ̀yìn èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́: ṣé mo lè wọ̀ ọ́ ṣe àlùwàlá?

*Bàbá Ìyàwó, Alékúwodò, Òṣogbo*

Ìdáhùn

Bàbá wa, ẹ kú oríire. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ayẹyẹ náà tuni lára, ọmọ wa yóò sì bá ire níbẹ̀. Ní ojú tiwa, aago tẹ́ẹ́rẹ́ olójú funfun yẹn ni kí ẹ mú, bí ó bá yege nínú ìwọ̀nba àyẹ̀wò tí a óò mẹ́nu bà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "ti ọmọdé" kúrò lọ́nà, nítorí ó jọ pé òun ni ó ń dà yín láàmú jù.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ Seiko gbé aago ọwọ́ quartz, ìyẹn irú aago oníbátìrì yẹn, àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè rà jáde ní Tokyo, lórílẹ̀-èdè Japan. Astron ni wọ́n pè é, wúrà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, 450,000 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n sì ń tà á, iye tí ènìyàn lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan nígbà náà. Àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́; ẹ̀yìn náà ni owó rẹ̀ já wálẹ̀ títí ó fi dé ọrùn ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Títí di òní, Cartier, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aago olówó ńlá, ṣì ń fi ẹ̀rọ quartz sínú ọ̀pọ̀ aago Tank rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ láti ọdún 1917, àwọn tí ń wọ̀ ọ́ kì í sì í ṣe ọmọdé.

Ohun tí ẹ fẹ́ fi aago náà ṣe gan-an ni ó mú kí quartz bá yín lára mu. Jímọ̀ sí Jímọ̀ àti ọjọ́ òde ni ẹ óò máa wọ̀ ọ́. Tókunbọ̀ tí kì í lo bátìrì yẹn, mímì ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bọ́ ọ sínú dúrọ́ọ̀ ní alẹ́ Jímọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, nígbà tí àwọn àna bá ti ń kọrin bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin yóò ṣì máa yí ọwọ́ aago àti déètì rẹ̀ nínú yàrá. Yàtọ̀ sí èyí, irú aago bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí a máa tú u fọ̀ láàárín ọdún díẹ̀, kí a sì kán òróró tuntun sí i, ẹni tó ra tókunbọ̀ kì í sì í mọ ìgbà tí wọ́n ṣe èyí kẹ́yìn. Èyí tó ṣe déédéé nínú wọn pàápàá lè fi ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 20 yára tàbí falẹ̀ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni quartz lásán kì í sábà ṣì ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lóṣù kan. Òkúta kékeré kan tí a ń pè ní quartz, tí wọ́n gé bíi fọ́ọ̀kì, ni ó wà nínú rẹ̀, tí iná bátìrì ń mú kí ó gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ iná tín-tìn-tín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pín iye yẹn sí méjì, á tún ìyókù pín sí méjì, títí di ìgbà 15, tí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ kan yẹn ni ó sì ń ti ọwọ́ aago síwájú.

Ní ti aago ńlá olójú mẹ́ta, a kò fẹ́ bu ọjà ẹnikẹ́ni kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe aago agbádá. A ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ iye àsìkò tí eré sísá kan gbà, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì méjì fi yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ayédèrú, wọ́n kàn kun ojú kéékèèké mẹ́ta náà sí i ni, wọn kì í ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì òkè, bí ohunkóhun kò bá mira, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó pàápàá yóò yọ yín lẹ́nu. Ẹ ro iye ìgbà tí ẹ óò ká apá agbádá sí èjìká láàárín wákàtí kan ní òde: bí aago bá nípọn, tí bọ́tìnì rẹ̀ sì yọ síta, gbogbo ìgbà tí apá agbádá bá ré kọjá lórí rẹ̀ ni ó lè kọ́ ihò léèsì, tàbí kí ó fa òwú aṣọ òkè sókè. Òwú aṣọ òkè tí a bá fà yọ báyìí a máa dúró bíi irun ìmú lójú aṣọ, ẹni tó bá sì fi ọ̀bẹ gé e ti dá kún wàhálà náà ni. Okùn onírin tí ìdè rẹ̀ mú lẹ́nu ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí kan náà, nítorí náà okùn aláwọ tí ẹ rí lára èkejì jẹ́ àǹfààní, kì í ṣe àbùkù.

Ẹ wá gbé aago tẹ́ẹ́rẹ́ náà lé ọrùn ọwọ́ yín. Etí rẹ̀ méjèèjì, níbi tí okùn ti wọlé, kò gbọdọ̀ yọ kọjá ìbú ọwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ojú aago tí ìbú rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 34 sí 38 ni ó máa ń ṣe wẹ́kú ní òde; nínípọn rẹ̀ kò sì yẹ kó ju mìlímítà 8 lọ, kí ẹnu ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tàbí bùbá lè bò ó láìsí ìjàkadì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dà á dojú bolẹ̀ kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Bí ẹ bá rí "All Stainless Steel", irin tí kì í dípata ni gbogbo ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "Stainless Steel Back" ni wọ́n kọ, ẹ̀yìn nìkan ni ó jẹ́ irin yẹn. Ìyókù sábà máa ń jẹ́ idẹ tàbí irin rírọ̀ mìíràn tí wọ́n fi omi fàdákà tàbí omi wúrà bò. Òógùn ìlú wa kì í bá irú rẹ̀ ṣeré. Abẹ́ etí aago, níbi tí òógùn ń sápamọ́ sí, ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ òkè á kọ́kọ́ ṣá, ilẹ̀ rẹ́súrẹ́sú kan á yọ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé á máa jáde, tí yóò máa kun okùn àti ara ẹni. Àwa tí a ń gbé ìlú Ọ̀ṣun, tí a mọ ẹ̀gbà idẹ láti kékeré, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún wa pé idẹ tí a kò fọ̀ ń ṣú. Bí owó yín bá ká aago onírin funfun, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ wúrà lọ.

Gíláàsì ojú rẹ̀ ni ó kù nínú ohun tí a fi ojú rí. Nínú aago olówó pọ́ọ́kú, gíláàsì lásán ni wọ́n ń lò. Nínú èyí tó gbówó lórí díẹ̀, wọn a fi "Sapphire", òkúta líle kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, sí i, wọn a sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn. Nínú òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ líle òkúta, tí ó parí sí 10, sapphire wà ní 9, òkúta quartz wà ní 7, gíláàsì lásán sì kéré sí 7. Ìyanrìn inú eruku ọyẹ́ jẹ́ irú òkúta kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ń gbọ̀n nínú aago yín, nítorí náà ó le ju gíláàsì lásán lọ, kì í sì í ya sapphire. Ẹni tí ó bá fi etí aṣọ nu ojú aago tí eruku bò ní oṣù Kìíní, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá a ni. Ẹ máa fẹ́ eruku náà kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá rí onísapphire tí owó yín ká, ibẹ̀ ni kí àfikún owó lọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lójú.

"Japan Movt" kò túmọ̀ sí pé Japan ni wọ́n ti ṣe aago náà; ẹ̀rọ inú rẹ̀ nìkan ni ó ń tọ́ka sí, ẹ̀rọ náà a sì máa dára. Miyota, tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ aago Citizen, ń ṣe ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra. "Swiss Made" ni ọ̀rọ̀ tí òfin so mọ́lẹ̀: láti ọdún 2017, ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 owó tí wọ́n fi ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Switzerland, nítorí náà èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ní owó ìrẹsì ife díẹ̀ ti jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Àlùwàlá ńkọ́? "30 m" kì í ṣe àṣẹ láti wọ inú omi mítà 30. Ìwọ̀n agbára omi tí kò mira ni wọ́n fi dán an wò nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun. Ohun tí ó lè fara dà kò ju òjò wínníwínní àti omi tó ta sí i nígbà tí a ń fọ ọwọ́. Awọ ni ó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀rọ lọ, nítorí okùn aláwọ tí omi ń kàn lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ yóò le, yóò máa rùn, yóò sì sán. Ti pé omi gbọ́dọ̀ dé abẹ́ aago, ọ̀rọ̀ ààfáà yín nìyẹn. Ní ti aago, ẹ máa bọ́ ọ sápò kí ẹ tó gbé kẹ́tùlù.

Bátìrì rẹ̀ lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró ti ẹni tó ń tún un ṣe kí ẹ wo ohun tí ó fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ aago ọkùnrin, SR626SW ni, tí wọ́n tún ń pè ní 377. LR626 bá ihò kan náà mu, ó sì dín owó, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tètè ń da omi sínú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí ó wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ìdérí ẹ̀yìn ká, nítorí bí rọ́bà yẹn bá lọ́ tàbí já, ọ̀rọ̀ "30 m" ti parí. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyọnu bátìrì rárá, aago Eco-Drive ti Citizen ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n etí fèrèsé ni ẹ óò máa gbé e sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Tíṣà ni mí. Aago kékeré olómi wúrà tí ọkọ mi rà fún mi a máa dákẹ́ bí mo bá ti jù ú sínú báàgì. Bí mo bá yọ ọ́ síta, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n á ti pẹ́ lẹ́yìn. A ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kò yí padà. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbàdúrà sí i.

*Ìyàwó Ilé, Òkè-Fìà, Òṣogbo*

Ìdáhùn

Ẹ má ṣe já ìyá wa nírọ́, àdúrà kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdè báàgì yín. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, òòfà ni ó wà níbẹ̀. Òòfà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń yí ọwọ́ aago quartz pẹ̀lú. Bí èyí tó lágbára jù ú lọ bá sún mọ́ ọn, á dì í mú, kò sì ní lè yí. Bátìrì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Pátákó ẹ̀yìn fóònù, àpò fóònù onídè àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sábà ba aago jẹ́: ẹ gbé e jìnnà, ẹ tún àkókò rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì máa fi sínú àpò aṣọ kékeré ní ìhà kejì báàgì, bí ẹ kò bá lè wọ̀ ọ́ sọ́wọ́.

Ìbéèrè

Ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá aago mi ti ń fò ní méjì-méjì láti àná, ṣùgbọ́n àkókò tó ń sọ pé. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

*Ọmọ Yunifásítì, Òṣogbo*

Ìdáhùn

Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ aago Seiko àti Citizen ni wọ́n ṣe báyìí, kí ó lè sọ fún ọ pé bátìrì ti ń tán. Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, má sì jẹ́ kí òkú bátìrì sùn sínú rẹ̀, nítorí omi rẹ̀ ni ó ń pa ẹ̀rọ. Bí o bá ní àǹtí tí aago rẹ̀ kò ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, bá wa sọ fún wọn pé tiwọn kò lè kìlọ̀. Kí wọ́n kọ oṣù tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì sórí bébà, kí wọ́n sì fi sínú páálí aago náà.