Èsì: Òfin Mẹ́wàá lára ògiri iléèwé ìjọba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló burú nínú àṣẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà pa lọ́dún 2024, pé kí Òfin Mẹ́wàá wà lára ògiri gbogbo kíláàsì iléèwé ìjọba. Onígbàgbọ́ ni mí, mo fẹ́ràn òfin náà dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ wo ni kí wọ́n lẹ̀? Àwọn Kátólíìkì kì í ka ti ère gbígbẹ́ sí òfin ọ̀tọ̀; àwọn Júù náà ní bí wọ́n ṣe ń ka tiwọn. Bí ìjọba bá ti mú ọ̀kan, ó ti gbè lẹ́yìn ìjọ kan nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Kentucky ti ṣe irú rẹ̀ rí, owó ọrẹ ni wọ́n tilẹ̀ fi rà á, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e lọ́dún 1980.