Ẹ má lọ sí Fikitóríà Áílàǹdì, Sẹmẹ ni kí ẹ lọ

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbàdàn ni mo ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ ìbí ọkọ mi ń bọ̀, ó sì wù mí kí n gbé e lọ jẹ oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní àfi Fikitóríà Áílàǹdì. Owó ọkọ̀ àti gosiló ojú ọ̀nà ń bà mí lẹ́rù. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí irú rẹ̀ níbí? *Àǹtí Olùkọ́, Ajárá.*

*Ìdáhùn:* Àǹtí Olùkọ́, bó bá jẹ́ ilé oúnjẹ onígíláàsì tó ń tutù nini lẹ ń wá, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oúnjẹ gan-an, ẹ wọ ọkọ̀ Sẹmẹ, ní ẹnubodè àwa àti orílẹ̀-èdè Benin. Abẹ́ páànù ni wọ́n ti ń tà á, kò sí àkọlé lára ògiri, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹni yín fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Amiwọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ní èdè Ògù, ìyẹn Ẹ̀gùn, ami ni epo, wọ ni òkèlè. Wọn kì í fi omi lásán rò ó. Omi adìyẹ ni wọ́n ń lò: tòmátò, àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti epo pupa á ti jiná nínú rẹ̀ kí ìyẹ̀fun àgbàdo tó wọlé. Nígbà tó bá dé iwájú yín, á pọ́n dáadáa, adìyẹ díndín á wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Kò fẹ́ ọbẹ̀ kankan mọ́.

Ìyá mi a máa bá ọkọ̀ ojú omi ná ọjà Àjàṣẹ́, tí àwọn Pọtogí sọ ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tó kọ́kọ́ mú mi dání. Nígbà tí a ń bọ̀, ó tú ewé kan sí mi lẹ́sẹ̀, amiwọ ló wà níbẹ̀, ó ti tutù, mo sì jẹ ẹ́ tán kí a tó gúnlẹ̀. Nítorí náà ó máa ń ṣòro fún mi láti pè é ní oúnjẹ àjèjì. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n fa ààlà sáàárín wa. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún, ìkòkò kan náà ni.

Bí ọkọ yín bá fẹ́ èyí tó jìn sí wa díẹ̀, ẹ wá atiéké, oúnjẹ àwọn ará Ivory Coast. Obìnrin kan láti ọ̀hún, tó fẹ́ awakọ̀ ará ibí, ló ń tà á fún mi. Gbágùúdá ni. Wọ́n á rin ín, á kan, wọ́n á fún omi rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi gàrí. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni pé wọn kì í yan án. Ooru omi ló ń sè é, ó sì máa ń rọ̀ lẹ́nu. Lóṣù kejìlá 2024 ni UNESCO ka ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ mọ́ àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹja díndín ni kí ẹ fi jẹ ẹ́.

Ẹ dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí ìkòkò kan ni wọ́n ń sè. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, torí sẹ́fà, owó àwọn ará Benin, làwọn míì fi ń ṣírò, kí wọ́n tó sọ ọ́ di náírà. Ẹ pe obìnrin tó ń tà á ní tàńtì, ìyẹn àǹtí lédè Faransé, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ o. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ẹni tó ń ta áblò fún mi, oúnjẹ ìrẹsì àti àgbàdo tó máa ń dùn díẹ̀díẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo wá a títí, n kò rí i mọ́. Títí dòní, mi ò tíì jẹ áblò tó tó tirẹ̀.

*Ìbéèrè:* Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé kẹ́ńkẹ́ àwọn apẹja Gánà àti ẹ̀kọ wa kan náà ni? *Ọmọ Gberefu.*

*Ìdáhùn:* Rárá, ọmọ mi. Ògì tí a ti sẹ́, tí èèrí rẹ̀ ti kúrò, la fi ń se ẹ̀kọ. Wọn kì í sẹ́ ti kẹ́ńkẹ́. Wọ́n á lọ àgbàdo kíkan, wọ́n á se apá kan lórí iná, wọ́n á pò ó mọ́ èyí tó ṣì tútù, wọ́n á wé e, wọ́n á tún bọ̀ ọ́. Èèpo àgbàdo ni àwọn Gàá fi ń wé e, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ti Fáńtì. Ata ṣitó, tí wọ́n fi edé àti ẹja gbígbẹ dín, ló bá a mu.