Ẹ Bi Mí, Kí N Dáhùn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Fẹ́ Fi Ẹran Sílẹ̀

Àtìgbà tá a ti kọ̀wé nípa pọ̀nmọ́ tí àwọn kan ń fi táyà sun ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ti kọjá ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́, wọ́n ń bi mí pé ṣé ó tiẹ̀ dáa kéèyàn fi ẹran sílẹ̀ pátápátá. Èmi tí mò ń kọ abala yìí ò jẹ ẹran, ó ti pẹ́, torí náà ẹ ti mọ ibi tí mo dúró sí kẹ́ ẹ tó máa kà á lọ. Mo gé àwọn lẹ́tà yẹn kúrú, mi ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan láti Ìbàdàn: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò tíì wálẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi náà sì pọ̀, ó ní kí n dín ẹran màlúù kù. Mo ní kí n kúkú fi í sílẹ̀. Ọkọ mi ní ilé tí wọ́n bá ti ń jẹ ọbẹ̀ tí ò léran, ìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ó tún ní mi ò ní lókun mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá wa, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ okun yẹn torí òun ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ ń rà ní kóńgò ní Bódìjà, olóyin ni o, funfun ni o, tẹ́ ẹ bá wọn 100 gíráàmù ẹ̀ ní gbígbẹ, prótéènì inú ẹ̀ tó bíi 23 gíráàmù, kò kéré sí ti ẹran tútù tó wúwo bákan náà, ó wá tún ní fáíbà tí ẹran ò ní rárá, fáíbà yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́ tó sì ń bá wa dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àwọn bàbá wa tó ń fi ọkọ́ kọ ebè láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀, ẹran mélòó ni wọ́n ń jẹ? Ẹran ọdún ni, ẹran ìnáwó ni, àbí èyí tí ọdẹ bá rí pa. Ọbẹ̀ ojoojúmọ́ wọn, ẹ̀fọ́, irú àti ẹ̀gúsí ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ìwádìí tí mo gbára lé jù ni ti Loma Linda University ní California, ìjọ Adventist ló ni ín. Láti 2002 ni wọ́n ti ń tọpa èèyàn bíi 96,000, ọmọ ìjọ wọn ni wọ́n, àwọn kan ń jẹ ẹran, àwọn kan ò jẹ. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2013, iye tó kú nínú àwọn tí ò jẹ ẹran fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n fara mọ́ ọn ni pé nínú ìjọ yẹn, ẹni tó ń jẹran àtẹni tí ò jẹ, púpọ̀ wọn ni ò fa sìgá tí wọn ò sì mu ọtí, torí náà kì í ṣe pé wọ́n kó ọ̀mùtí sápá kan kí wọ́n wá fi wé ẹni mímọ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà kéde ní October 2015 pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú, bíi sọ́séèjì àti békìn, ń fa jẹjẹrẹ ìfun, pé ẹni tó bá ń jẹ 50 gíráàmù ẹ̀ lójoojúmọ́, ewu tiẹ̀ á fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ẹran pupa bíi màlúù àti ewúrẹ́, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kóun náà máa fà á, ìyẹn ò tíì dá wọn lójú tó ti àkọ́kọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìyá mi, àìjẹran ò sọ pé kẹ́ ẹ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, ẹ máa lò ó títí dókítà fúnra ẹ̀ á fi ní kẹ́ ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá tún fi ẹran sílẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń fọ́ Maggi mẹ́rin márùn-ún sínú ìkòkò kan kó lè dùn, iyọ̀ inú ẹ̀ á gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn padà sókè. Ní ti bàbá, ẹ má bá wọn jà. Ọbẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ sè, ẹ din ẹran tiwọn lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ fi lé e lórí. Ilé ò gbọ́dọ̀ dàrú torí ẹran.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ: Ẹ káàsán mà. Roommate mi ní Bíbélì ló ní ká má jẹ ẹran, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí nínú oúnjẹ wa nílé ìwé. Èmi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ là mí lọ́yẹ̀ mà.

Ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì ni òótọ́ wà lọ́wọ́ yín, díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣí Gẹ́nẹ́sísì 1 ẹsẹ 29, ewéko tó ní irúgbìn àti èso igi ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún èèyàn jẹ, kò dárúkọ ẹran níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìkún omi, ní orí 9 ẹsẹ 3, ló tó sọ fún Nóà pé ohun gbogbo tó ń rìn tó wà láàyè máa di oúnjẹ fún wọn. Nítorí náà jíjẹ ẹran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí Ọlọ́run fi bẹ̀rẹ̀ ayé, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, èmi ò sì lè fojú fo ìyẹn. Dáníẹ́lì àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta jẹ ẹ̀fọ́ wọ́n mu omi fún ọjọ́ mẹ́wàá ní Bábílónì, ojú wọn sì dán ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba, lóòótọ́ ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí oúnjẹ ọba má sọ wọ́n di aláìmọ́.

Ìjọ tó ni ilé ìwé yín, ìyẹn ìjọ Adventist tí mo dárúkọ lókè, 1863 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Battle Creek, Michigan, ọdún yẹn náà ni Ellen White tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ sọ pé òun rí ìran nípa ìlera, látìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ara èèyàn tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni, ohun téèyàn bá ń kó sínú ẹ̀ kàn Ọlọ́run. Wọn ò sọ ọ́ di òfin pé ọmọ ìjọ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran. Ìmọ̀ràn ni. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ni èyí tí Léfítíkù 11 pè ní aláìmọ́, bí ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja tí ò ní ìpẹ́, ìyẹn ni wọn kì í fi í jẹ ẹja àrọ̀.

Ohun tó wọ èmi lọ́kàn jù ni Òwe 12 ẹsẹ 10, pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sí. Àwọn àgbà tiwa náà ní ẹni tó máa fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò bóyá á dùn ún. Tó o bá ti rí màlúù tí wọ́n dì tọwọ́tẹsẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ láti òkè Ọya wá dé Agége, tí ojú ẹ̀ ti yọ sóde, tí itọ́ ń ṣe wàràwàrà lẹ́nu ẹ̀, tí ò romi mu, wàá mọ̀ pé ẹni tó bá ní òun ò lè jẹ ẹ́, kì í ṣe fọ́ńté ló ń ṣe. Ka Róòmù 14 kún un: kí ẹni tó ń jẹ má kẹ́gàn ẹni tí ò jẹ, kí ẹni tí ò jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Kí ìwọ àti roommate ẹ jọ kà á.

Alhaji kan láti Ìwó: Mi ò jẹ ẹran mọ́, àmọ́ Iléyá ń bọ̀. Ṣé mo lè pa àgbò kí n má jẹ níbẹ̀?

Alhaji, ẹ lè pa á, ẹ lè pín in. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé jíjẹ nínú ẹ̀ dáa ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan, ẹ ṣá bi áfáà yín kọ́kàn yín lè balẹ̀. Kùránì sọ nínú Súrà 22 ẹsẹ 37 pé ẹran wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Ẹ̀ tó wà lọ́kàn yín ni. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ kó mú dáadáa kí ẹran má joró, Ànábì ló pa á láṣẹ. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé harámù ni ẹran, ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàlálì, a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di harámù.

Onísẹ̀ṣe kan, Ọ̀yọ́: Ṣé onísẹ̀ṣe lè sọ pé òun ò jẹ ẹran?

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹran wà nínú ẹbọ, Ọbàtálá pàápàá ìgbín ló ń gbà. Àmọ́ ìran wa mọ èèwọ̀ dáadáa: ìdílé kan ò ní jẹ ti ibí, ẹlòmíì, Ifá ló sọ fún un níbi ẹsẹ̀ntáyé pé kó má jẹ tọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í sì í ṣe ẹran nìkan là ń gbé síwájú òrìṣà, obì ń bẹ, ẹ̀kọ ń bẹ, àkàrà ni wọ́n ń bọ Ọya títí dé Bahia lọ́hùn-ún ní Brazil, acarajé ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Bí tiyín ṣe máa rí, babaláwo yín ló máa dá a fún yín.

Bàbá kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Àwọn ọmọ mi ní àwọn ò jẹ màlúù mọ́ torí ayé tó ń gbóná. Mo ní kí ni màlúù fojú ọjọ́ ṣe? Ẹ bá mi ṣàlàyé.

Bùrọ̀dá mi, àwọn ọmọ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ikùn màlúù pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀, inú ẹ̀ ni koríko tó bá jẹ ti ń kan, àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ló ń bá a dà á, bí wọ́n ṣe ń dà á ni gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní methane ń jáde, ẹnu ló sì ń gbà jáde jù, nígbà tí màlúù bá ń gùnfẹ̀. Gáàsì yẹn, agbára tó fi ń mú ayé gbóná ju ìlọ́po 25 ti èéfín carbon dioxide tó ń jáde lára mọ́tò lọ, tá a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n. Màlúù kan ò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ màlúù ayé ju bílíọ̀nù kan lọ. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣírò ẹ̀ ní 2013, wọ́n ní ẹran ọ̀sìn ló ń fa ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gáàsì tó ń mú ayé gbóná látọwọ́ èèyàn.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé ẹran, wàrà, ẹyin àti ẹja tí wọ́n ń sìn ló gba ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko ayé, bẹ́ẹ̀ ìdá 18 péré ni wọ́n ń mú wá nínú agbára tí oúnjẹ ń fún wa. Àgbàdo àti sóyà tí à bá fi bọ́ èèyàn là ń kó fún ẹran jẹ. Igbó Amazon ní Brazil, ibi tí màlúù á ti jẹko ni ìdí tí wọ́n fi ń gé e jù. Nílé níbí náà, ẹ ò gbàgbé ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tó gbẹ̀mí àwọn èèyàn, tó le débi tí àwọn gómìnà ìhà gúúsù fi pàdé ní Asaba ní May 2021 tí wọ́n ní kí dída màlúù káàkiri dópin.

Mi ò ní gbé ẹ̀bi ayé tó gbóná lé ìyá alámàlà ní Mápó lórí o, ẹran tí ọmọ Nàìjíríà kan ń jẹ lọ́dún kéré púpọ̀ sí ti ará Amẹ́ríkà àti ti àwọn ará ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ìyẹn làwọn ọmọ yín fi ń sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa náwó sórí bọ́gà aláìlẹ́ran tó wọ́n gógó yẹn nìkan, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń se gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, èkuru àti àdàlú, wọ́n á gbọ́ Yorùbá sí i níbẹ̀ náà.

Ìyàwó kan tó lóyún, Abẹ́òkúta: Mo ti fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀. Ṣé kò ní pa ọmọ mi lára?

Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe láìséwu, ṣùgbọ́n tètè sọ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà ẹ, lọ́sẹ̀ yìí ni o. Vitamin B12 ò sí nínú ewéko, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, irú, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé nínú wọn. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀, ìyẹn ni ara èèyàn ṣe máa ń dà bíi pé kò sí nǹkan kan, àfìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí abẹ́rẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ò tó, tó ń rẹni ṣáá. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò ní in lára, ọpọlọ àti iṣan ọmọ náà lè má dàgbà bó ṣe yẹ. Oògùn B12 wà nílé ìtajà oògùn, kì í ṣe nǹkan olówó ńlá, bi wọ́n pé mélòó lo máa lò. Èyí tí wọ́n ń fún ẹ ní antenatal fún ẹ̀jẹ̀, má pa á jẹ. Jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kí ara lè gba áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tó ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú wọn, má mu tíì mọ́ oúnjẹ torí kì í jẹ́ kó wọlé. Tèmi ni pé, kó o padà sórí ẹyin àti wàrà títí wàá fi bímọ, tó o sì máa fi gba ọmú lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá kan láti Òṣogbo: Kí ni mo lè fi se ẹ̀fọ́ rírò tí á dùn, láìsí ẹran, pọ̀nmọ́, edé àti panla?

Irú ni o, mà. Irú wọ́rọ́, kó pọ̀ dáadáa, ẹ ṣà á kẹ́ ẹ fọ iyanrìn kúrò lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí epo pupa gbóná, kò gbọ́dọ̀ jó, ẹ gé àlùbọ́sà sí i, kó irú lé e kó din díẹ̀ kí òórùn ẹ̀ gba ilé kan kẹ́ ẹ tó da ata sí i, tàtàṣé àti rodo tẹ́ ẹ ti gún tí ò kúnná jù, tẹ́ ẹ ti sè kí omi ẹ̀ gbẹ. Ìkánjú ló ń ba ọbẹ̀ yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kí ata din títí epo á fi léfòó. Olú ló máa rọ́pò ẹran, ẹ fi ọwọ́ fa á ya, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, á yi lẹ́nu bí ẹran adìyẹ. Ọjà ni kẹ́ ẹ ti rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ má já èyí tẹ́ ẹ bá rí nínú igbó torí ẹlòmíì nínú ẹ̀ ń pani. Wàrà sóyà tẹ́ ẹ ti din náà dáa níbẹ̀. Ṣọkọ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ẹ fún omi ara ẹ̀ dànù dáadáa, ìkẹyìn ló máa wọlé, ẹ rò ó pọ̀, ẹ má bo ìkòkò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ó ti jinná. Tó bá jẹ́ iyán lẹ fẹ́ fi jẹ, ẹ bu ẹ̀gúsí sí ata yẹn kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i.