Ẹ Bi Èdítọ̀ Léèrè: Wọ́n Ní Kò Sóhun Tó Ń Bà Wọ́n Lẹ́rù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ fíìmù ni mí, Ìbàdàn ni mo wà. Mo fẹ́ gé trailer, fídíò kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù, fún fíìmù adẹ́rùbani kékeré kan tí mo yà. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni: ó ń gbọ́ tí ìyá àgbà ń pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé lóru, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà ń hanrun nínú yàrá. Olùkọ́ wa ní kí n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nípa àwọn òǹwòran. Mo wá fi fọ́ọ̀mù sórí WhatsApp kíláàsì wa, mo bi wọ́n pé kí ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ “iwin” àti “ẹ̀jẹ̀”, àwọn ọkùnrin sì ní kò sóhun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Kí ni kí n fi èyí ṣe, mà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ju fọ́ọ̀mù yẹn nù, àbúrò mi. N kò ní wọ́n purọ́ fún ọ o. Ẹni tó jókòó ní ọ̀sán gangan, tó ń jẹ gúgúrú, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, níbo ló ti fẹ́ rántí ohun tí ẹ̀rù ṣe sí i? Ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ara ni kí o wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1975, olùdarí fíìmù Steven Spielberg gbé Jaws, fíìmù rẹ̀ nípa ẹja ńlá kan tó ń pa èèyàn, lọ sí Dallas ní Amẹ́ríkà kí àwọn aráàlú bá a wò ó kó tó jáde. Bí ẹja ńlá inú fíìmù náà ṣe pa ọmọdékùnrin kan tán báyìí, ọkùnrin kan dìde nínú òǹwòran. Ó ń rìn, ìrìn di eré, ó já síta, ó bì. Spielberg rò pé ó ti tán fún òun. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe padà wọlé, tó lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkàn Spielberg tó balẹ̀. Lójú tèmi, èébì yẹn kò tó nǹkan. Ìpadàwá jókòó yẹn ni kí o máa wá lára àwọn èèyàn tìrẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ Jaws yìí kan náà. Spielberg fẹ́ kí wọ́n tún pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi owó ara rẹ̀ ya orí òkú kan tó yọ lójijì láti ara ọkọ̀ ojú omi, nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nílé Verna Fields, obìnrin tó gé fíìmù náà. Ariwo sọ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ariwo tí wọ́n ń pa tẹ́lẹ̀ níbi tí ẹja náà ti yọrí sí wọn rọlẹ̀, nítorí wọn kò fọkàn tán fíìmù náà mọ́, wọ́n ti múra sílẹ̀ dè é. Trailer kò gùn tó fíìmù. Ìdágìrì kan ṣoṣo ti tó fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, má sì jẹ́ kó jẹ́ èyí tó dára jù nínú ohun tí o yà.

Ti àwọn géńdé kíláàsì rẹ kò yà mí lẹ́nu. Dolf Zillmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 1986: wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin jókòó ní méjì méjì wo fíìmù adẹ́rùbani. Àwọn ọkùnrin gbádùn rẹ̀ jù nígbà tí obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn ń bẹ̀rù. Àwọn obìnrin gbádùn rẹ̀ jù nígbà tí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wọn kò mira. Nítorí náà, pe àwọn tó máa ń wo irú fíìmù yìí ní tòótọ́, àwọn díẹ̀ náà tó, kí o mú wọn wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó kó wọn pọ̀.

Alẹ́ ni kí o ṣe é. Gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí o gbé fóònù kan dojú kọ wọ́n, kí o sì kọ ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹnì kan ká ẹsẹ̀ sórí àga sílẹ̀. Kọ ẹ̀rín náà, láàárín tiwa, ẹ̀rín àti “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni ẹ̀rù sábà máa ń gbà jáde. Bí wọ́n bá pariwo pé “Má ṣílẹ̀kùn yẹn o!”, wọ́n ti gba ti ọmọbìnrin yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti yọjú wo fóònù wọn, gé e kúrò láìjiyàn. Ní ọjọ́ kejì, ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wò fún ọ.

Ní tèmi, ohùn ìyá àgbà yẹn ni trailer rẹ. Ta ni wọn kò kìlọ̀ fún nílé pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóru, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ jẹ́? Pa iná, gbé ohùn náà sí wọn létí láìsí àwòrán kankan. Bí orí bá yí sí fèrèsé, o ti rí nǹkan mú, má wulẹ̀ fi iwin kankan hàn.

Fídíò ojú wọn yẹn, má pa á rẹ́. Ní 2009, trailer Paranormal Activity, fíìmù tí wọ́n fi nǹkan bí 15,000 dọ́là yà nínú ilé olùdarí rẹ̀, fi àwọn òǹwòran fúnra wọn hàn nínú òkùnkùn sinimá, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí àwọn tìrẹ bá gbà.

Kí o sì mọ ibi tí trailer náà ń lọ. Ní 2018, sinimá kan ní Perth, Ọsirélíà, ṣèèṣì fi trailer Hereditary, fíìmù adẹ́rùbani, síwájú Peter Rabbit, fíìmù àwọn ọmọdé. Ṣe ni àwọn òbí ń kó ọmọ wọn sá jáde. Bí ilé sinimá kan bá gba tìrẹ, béèrè kí o tó fọwọ́ síwèé pé iwájú fíìmù wo ni wọ́n máa fi í sí, àti ní aago mélòó.