Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Rírin Ògùnpa Láti Afárá dé Afárá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa fẹ́ máa kó èèyàn rìn lẹ́bàá odò Ògùnpa nílùú Ìbàdàn lóṣooṣù, ká máa sọ ìtàn odò náà àti ohun tí wọ́n ti kọ́ yí i ká. A lọ yẹ ọ̀nà wò, a ò rí bèbè tá a lè gbà. Ẹ̀yìnkùlé onílé ló kún ibẹ̀. Kí ni ká ṣe?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òkè Àdó*

Ìdáhùn: Ẹ má wá bèbè mọ́. Ògùnpa kì í ṣe ọ̀sà Èkó téèyàn ń rìn létí rẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Ìlú ti kọ́lé yí i ká, wọ́n sì ti fi kọnkéré ṣe ògiri fún un lọ́tùn-ún lósì ní ọ̀pọ̀ ibi. Afárá dé afárá ni kẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ yan mẹ́fà, kẹ́ ẹ gba kọ̀rọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo: inú kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni ìtàn wà.

Kìlómítà méjì ààbọ̀ ti tó. Ogún èèyàn kì í rìn bí ẹnì kan. Ìrìn nìkan á gba bí ìṣẹ́jú 50, ìdúró mẹ́fà tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ á gba 48, ìyókù á bá sísọdá títì lọ. Wákàtí méjì nìyẹn. Ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn àti ọkọ̀ àwọn olóde tó gba títì. Ẹ má kọjá ogún èèyàn, torí àwọn tó bá wà lẹ́yìn pátápátá kì í gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa dá ọ̀rọ̀ tiwọn sọ ni. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan tó ní ogún ọ̀rá á kárí wọn. Ẹ mú àpò òfìfo dání fún ọ̀rá rẹ̀ o, ìtìjú gbáà ni kí ẹni tó wá gbọ́ ìtàn omíyalé ju ọ̀rá sódò.

Ẹ má ṣàlàyé lórí afárá. Ariwo ọkọ̀ á gbé ọ̀rọ̀ yín lọ, ẹ ó sì dí ọ̀nà mọ́ aráyé. Ẹ sọ̀rọ̀ tán nínú kọ̀rọ̀ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ wá lọ wo ohun tẹ́ ẹ sọ. Ohun tí wọ́n máa wò ni láílọ́ọ̀nù àti àkísà tó há sára ògiri àti ẹ̀ka igi. Ibi tí èyí tó ga jù há sí, omi ti dé ibẹ̀ rí lọ́jọ́ tó kún. Ẹ so òkúta mọ́ okùn mítà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ta kókó sí i ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí afárá. Kí ẹnì kan ka kókó dé ibi láílọ́ọ̀nù, kí ẹlòmíì kà á dé ojú omi. Ẹ yọ ti láílọ́ọ̀nù kúrò nínú ti ojú omi. Bó bá ku kókó mẹ́rin, omi ọjọ́ náà fi mítà méjì ga ju tòní lọ. Ẹnu á yà wọ́n.

Ìgbà náà lẹ ó wá mẹ́nu ba omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò rọ̀ gan-an, ilé àti pàǹtí ti há odò mọ́, ojú afárá ò gba gbogbo ohun tí omi ń wọ́ bọ̀, ló bá gba orí rẹ̀ ya wọlé onílé. Ọgbà ẹranko Àgọ́dì náà ò yọ. Ẹ má sọ fún wọn pé ògiri kọnkéré ti yanjú ẹ̀. Kọnkéré ń mú omi yára ni, kì í dín in kù. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ló máa gbà á.

Ìbéèrè: A gbìyànjú irú ìrìn yìí ní àdúgbò kan, àwọn ará ilé lé wa dà nù. Wọ́n ní a wá fi ọ̀dà sàmì sílé àwọn.
*Olùkọ́ kan, Mọ́lẹ́tẹ̀*

Ìdáhùn: Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n ti kọ X pupa sára ògiri rẹ̀ rí, tó wá rí àjèjì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú bébà àti kámẹ́rà lẹ́bàá odò, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ lọ kí mógàjí tàbí baálẹ̀, lẹ́yìn náà alága ẹgbẹ́ onílé, àti ìyálọ́jà bẹ́ ẹ bá máa gba inú ọjà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà fóònù yín sínú lẹ́tà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má wọ jákẹ́ẹ̀tì títàn tó jọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àǹkárá kan náà ló dára jù: lójú aráyé, òde lẹ̀ ń lọ. Ẹ má ya fọ́tò ilé kankan láìgbàṣẹ. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ní kẹ́ ẹ rí àwọn, ẹ gba méjì nínú wọn láti máa dá ọkọ̀ dúró, kẹ́ ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí àgbà àdúgbò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀yin tó sọ tiyín. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1980 ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Kó jókòó síwájú ilé rẹ̀, kó fọwọ́ hàn yín ibi tí omi dé. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó máa lo mẹ́wàá.

Ìbéèrè: Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tiwa. Ṣé Ògùnpa ò ní le jù fún wọn?
*Ìyá Ìbejì, Apáta*

Ìdáhùn: Ó le jù. Ẹ kó wọn lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀nà ní 1942 fún omi ẹ̀rọ. Àgbà kan sí ọmọ márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ etí omi. Ọ̀pọ̀ máa ń pa Ẹlẹ́yẹlé pọ̀ mọ́ Aṣẹ́jírè. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé ní ti Aṣẹ́jírè. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i, Kúdẹtì ló kàn: ibẹ̀ ni David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi sí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń dá díẹ̀?
*Olùkà kan, Bódìjà*

Ìdáhùn: Rárá o. Oṣù kẹjọ ni omíyalé ti 1980, oṣù kẹjọ náà ni ti 2011, ní ọjọ́ 26. Oṣù kọkànlá sí ìkejì ni kẹ́ ẹ mú. Òjò sì lè máa rọ̀ lókè odò nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bọ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ kó èrò lọ sórí òkè, kẹ́ ẹ kà wọ́n, kí oníkálùkù máa lọ sílé.